Mummy Jayden àti Mínísítà Tó Ń Wọ Bọ́ọ̀sì Rẹ̀

Bí ẹ bá wọ bọ́ọ̀sì láti Woolwich lọ sí Thamesmead ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, tí ẹ sì gbọ́ tí obìnrin kan ń ké "Ẹ káàárọ̀ o!" sí gbogbo èrò láti ìdí ọkọ̀ tó ń wà, ì báà ṣe òyìnbó, ì báà ṣe ará Íńdíà, Mummy Jayden lẹ pàdé yẹn. Abọ́sẹ̀dé ni bàbá rẹ̀ sọ ọ́ ní Ìjẹ̀bú-Igbó, àmọ́ látọjọ́ tó ti bí ọmọkùnrin rẹ̀ kan ṣoṣo sí ìlú London yìí, kò sẹ́ni tó ń pe Abọ́sẹ̀dé mọ́, àfi àwọn tó ń fi bíìlì iná ránṣẹ́ sí i. Ó ga, ó sanra, ẹ̀rín rẹ̀ sì máa ń dé ilé kejì. Bí arúgbó bá ń sáré bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, á dá ọkọ̀ dúró dè é. Obìnrin dáadáa ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí á bí yín nínú. Ó bí èmi náà nínú.

Kò sí rélùwéè ní Thamesmead. Ẹni tó bá fẹ́ débẹ̀, bọ́ọ̀sì ni. Ibi tí òun àti Colin Tilbrook ti mọra nìyẹn. Nígbà náà, káńsílọ̀ lásán ni Tilbrook, òyìnbó tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí bàtà rẹ̀ kì í gbẹ, tó máa ń kó ìwé ìpolongo sínú àpò náílọ́ọ̀nù, tí á máa fi wọ́n bọ ihò ilẹ̀kùn oníkálùkù kiri. Òjò á pa á, oòrùn á pa á. Wọ́n kọ ọ́ sára ọkọ̀ gàdàgbà pé kí èrò má ṣe bá awakọ̀ sọ̀rọ̀. Ta ló ka ìyẹn sí? Iwájú ni Tilbrook máa ń dúró sí, òun àti Mummy Jayden á jọ máa tàkúrọ̀sọ títí ọkọ̀ á fi dé ibi tó ń já sí. Ó fẹ́ wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ó ní àwọn ará Nàìjíríà kún àdúgbò náà, òun kò sì mọ ẹnì kankan nínú wọn.

Mummy Jayden ní, "Ìyẹn nìkan? Wá sí ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Sunday."

Ó wá. Ilé ìkẹ́rù àtijọ́ kan ni wọ́n sọ di ṣọ́ọ̀ṣì, òtútù rẹ̀ a máa wọ eegun. Pásítọ̀ ní kí ó kúnlẹ̀, ó kúnlẹ̀ tòun ti kóòtù rẹ̀. Wọ́n gbọ́wọ́ lé e lórí, wọ́n gbàdúrà títí ọrùn rẹ̀ fi pọ́n. Nígbà tó dìde, Pásítọ̀ ní irú ọmọ báyìí kò gbọdọ̀ wà láìlórúkọ, kí ẹni tó mú un wá sọ ọ́ lórúkọ. Mummy Jayden bọ́ síwájú, ó gba ẹ̀rọ ìgbóhùnsókè, ó ní, "Olúwafikáyọ̀mi!" Ilé hó gèè. Tilbrook náà gbìyànjú láti pè é, ó pè é bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀, ilé tún hó. Látọjọ́ náà, ibi tó bá ti rí Yorùbá mẹ́ta, "Èmi ni Fikáyọ̀" ló máa kọ́kọ́ sọ. Mummy Jayden ń lo ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ láti bá a pín ìwé ní gbogbo ilé tó yí adágún Birchmere Park ká, tó ń gbá ilẹ̀kùn gbà-gbà-gbà: "Ẹ jáde, ẹ wá wo ọmọ wa!"

Ọmọ wa wọlé. Nígbà tó kọ́kọ́ dìde sọ̀rọ̀ nílé aṣòfin, ó ní awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan ní àgbègbè òun ló kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń kí èèyàn. Áà! Bí ẹ bá rí bí wọ́n ṣe pín fídíò yẹn kiri lórí WhatsApp! Wọ́n gbé e sójú ògiri ní ṣọ́ọ̀ṣì, orí Mummy Jayden wú. Nígbà tó yá, ẹgbẹ́ wọn dé orí àlééfà, wọ́n sì fi Tilbrook ṣe mínísítà kékeré nínú ètò ìrìnnà. Kékeré kẹ̀? Ta ló gbọ́ kékeré? Mínísítà ni gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì gbọ́. Ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n fi Mummy Jayden joyè. "Ìyá Mínísítà, ẹ bọ́ síwájú." "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yẹra fún Ìyá Mínísítà kí wọ́n ráyè kọjá."

Ká sòótọ́, kí ló wà níbẹ̀? Káàdì Kérésìmesì ló ń rí gbà lọ́dọọdún. Tilbrook ti bọ́ sínú mọ́tò dúdú, kò wọ bọ́ọ̀sì mọ́. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ń gbé ọ̀rọ̀ wọn wá: ti ilé tó ń jò, ti ọmọ tí kò rí iléèwé wọ̀, ti físà. Ohun tó máa ń sọ fún gbogbo wọn ni, "Ẹ fi sílẹ̀ fún mi." Bí ọ̀rọ̀ bá yanjú fúnra rẹ̀, wọ́n á wá dúpẹ́, kò sì ní sọ pé òun kọ́. Bí kò bá yanjú, á ní ọ̀rọ̀ ìjọba kì í yá. Kò bá Tilbrook sọ ìkankan nínú wọn rí. Ẹ ò gbọ́ mi bí? Ìkankan.

Nínú gbogbo àwọn tó gbà á gbọ́, kò sí èyí tó tó Adùnọlá. Yàrá kan ni Adùnọlá ń gbé nílé Mummy Jayden. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ló ń ṣe láti ilé dé ilé, ó sì wà lára àwọn tó ti débí kí ìjọba tó sọ pé àwọn oníṣẹ́ ìtọ́jú kò lè mú ọmọ wá mọ́. Ilẹ̀kùn tirẹ̀ ṣì ṣí sílẹ̀. Ọmọ kan ló bí, Ayọ̀nitèmi, tó fi sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ n'Íbàdàn. Ó béèrè físà fún ọmọ náà, wọ́n kọ̀ ọ́. Wọ́n ní ẹ̀rí tó fi hàn pé òun nìkan ló ń tọ́ ọ kò pé. Ó sunkún, ó nu ojú nù, ó wá gbogbo ẹ̀rí tó kù rí. Ó kù kó tún un béèrè. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni Tèmi, gbogbo wa la sì mọ̀ pé bí ọmọ bá ti pé méjìdínlógún kí wọ́n tó béèrè, ó ti di àgbàlagbà lójú ìjọba nìyẹn, kò lè tọ ìyá rẹ̀ wá bẹ́ẹ̀ mọ́.

Inú kíṣìnnì ni wọ́n wà lọ́jọ́ tí Adùnọlá sọ ọ́. Ó ní, "Mummy, mo fẹ́ tún físà Tèmi béèrè lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ̀rí ti pé."

Mummy Jayden fi ṣíbí ọbẹ̀ lélẹ̀. "Kí wọ́n tún lè kọ̀ ọ́? Adùnọlá, o ò gbọ́n o! Ṣé bí ẹni tó lẹ́nìyàn ṣe ń ṣe nìyẹn? Dúró ná. Jẹ́ kí n bá ọmọ mi mínísítà sọ ọ́. Bó bá ti pè wọ́n lórí fóònù báyìí, àwọn fúnra wọn ló máa wá ẹ kiri."

"Ẹ ṣé mà. Àmọ́ wọ́n ní ó máa ń wà nílé ìkàwé ní Sátidé, pé ẹnikẹ́ni lè lọ bá a. Ṣé kí n kàn lọ?"

"Lọ bá ta ni? Kí ìwọ nìkan rìn wọlé tọ mínísítà, láìsí àgbà tó mú ẹ lọ? Kí wọ́n wá ní èèyàn tó wà nílé mi ò lẹ́kọ̀ọ́? Ṣé o fẹ́ dójú tì mí ni?"

Adùnọlá kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀, ó ní kí wọ́n má bínú. Wọ́n tọ́ ọ dáadáa nílé. Ó mọ̀ pé ẹni tí àgbà bá ti ní òun á bá sọ̀rọ̀, kì í tún gba ẹ̀yìn àgbà lọ sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Bí gbogbo wa ṣe dàgbà nìyẹn, ó sì dáa nílé. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tó gbé wa dé níbí.

Jayden wà lórí àga, ó ń jẹ ìrẹsì. Ọmọ ìlú yìí ni, géńdé tó ti ń ṣiṣẹ́, kò sì mọ "ẹ" yàtọ̀ sí "o". Ó ní, "Mum, surgery lásán ni. Anybody lè lọ. Ó kàn máa book."

Surgery lòótọ́ ni àwọn òyìnbó ń pè é, bí ẹni pé wọ́n fẹ́ la èèyàn níkùn. Ìjókòó ni, tí aṣòfin ń jókòó kí ará àdúgbò wá sọ ohun tó ń dùn ún. "Àti pé," Jayden tún ní, "mínísítà ọkọ̀ ni, kì í ṣe ti físà."

"Mínísítà ni mínísítà!" Mummy Jayden jágbe mọ́ ọn. "Jẹ ìrẹsì ẹ."

Adùnọlá dúró.

Nígbà tí ìkórè dé, ṣọ́ọ̀ṣì pe mínísítà, ó sì wá. Adùnọlá wà níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, ara arúgbó kan ló ń wẹ̀, ṣùgbọ́n kó tó jáde láàárọ̀ ló ti di ọwọ́ Mummy Jayden mú: "Mummy, ẹ jọ̀ọ́. Orúkọ ọmọ náà ni Ayọ̀nitèmi." "Mo mọ orúkọ ẹ̀, jàre." Gbogbo ọ̀nà ni Mummy Jayden fi ń tún ọ̀rọ̀ náà tò lẹ́nu. Ó ti mọ bó ṣe máa bẹ̀rẹ̀, ó mọ ibi tó máa parí rẹ̀ sí.

Tilbrook rí i láàárín èrò, ó tẹ́wọ́ méjèèjì: "My driver!" Ó dì mọ́ ọn níṣojú Pásítọ̀, níṣojú àwọn màmá ìjọ, níṣojú gbogbo àwọn tó ń pè é ní Ìyá Mínísítà. Ó wá bi í léèrè, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa, òun fúnra rẹ̀ ló bi í: "Ṣé dáadáa lẹ wà? Ṣé kò sí nǹkan kan tí mo lè ṣe fún yín?"

Ọ̀rọ̀ dé ọ̀nà ọ̀fun obìnrin yìí. Ó rí ojú gbogbo wọn. Ó wá bi ara rẹ̀ pé, bó bá ní kò sí lágbára òun ńkọ́? Bó bá sọ ọ́ níbí, kí gbogbo ìjọ gbọ́ pé Ìyá Mínísítà tọrọ nǹkan, ọmọ rẹ̀ ò sì lè ṣe é? Níbo ló fẹ́ jókòó sí ní Sunday tó ń bọ̀?  Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Kò sí nǹkan kan, ọmọ mi. Ọpẹ́ la wá dú." Lẹ́yìn náà ó ní kí wọ́n jọ ya fọ́tò. Wọ́n yà á. Fọ́tò náà wà lára ògiri pálọ̀ rẹ̀, ó fi férémù sí i, ó fi gíláàsì bò ó.

Nígbà tí Adùnọlá wọlé nírọ̀lẹ́, kò tíì bọ́ bàtà kó tó béèrè. "Mummy, ṣé ẹ bá a sọ ọ́?"

"Mo bá a sọ ọ́."

"Kí ló wí?"

"Ó ní ká fọkàn balẹ̀."

Adùnọlá dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ọkùnrin. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, ó ń sọ pé Ọlọ́run á dá Mummy sí. Mummy Jayden ní kó dìde, kó dìde jọ̀ọ́, ilẹ̀ tutù. Ó ní lọ́kàn rẹ̀ pé kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, òun á pe ọ́fíìsì Tilbrook. Lóòótọ́ ló pè é. Ọmọbìnrin kan gbé e, ó béèrè pé ta ni, Mummy Jayden sì sọ fóònù sílẹ̀. Ohun tí kò yé mi nìyẹn títí dòní: obìnrin tó ń fi bọ́ọ̀sì ńlá gba àárín òyìnbó kọjá lójoojúmọ́, ohùn ọmọbìnrin kan bà á lẹ́rù.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di pé ojoojúmọ́ ló ń parọ́. "Mummy, ṣé wọ́n ti pè yín?" "Wọn ò tíì pè." "Mummy, ẹ má bínú o, ọmọ yìí máa pé méjìdínlógún lóṣù tó ń bọ̀." "Ó ti wà lọ́wọ́ wọn, Adùnọlá. O ò fọkàn tán mi ni?" Kí ni ọmọ ọlọ́mọ máa fi dáhùn irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀? Adùnọlá ní òun fọkàn tán wọn. Ó ń lọ síbi iṣẹ́, ó ń bọ̀, ó ń ka ẹ̀wù tí òun máa rà fún Tèmi nítorí òtútù.

Ojú bẹ̀rẹ̀ sí í ti Mummy Jayden débi pé kò lè jókòó pẹ̀lú Adùnọlá nídìí tábìlì kan náà mọ́. Ó wá ń se oúnjẹ fún un. Ó ń bá a fọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó ń lọ̀ ọ́. Bó ṣe ń ṣe é tó ni Adùnọlá ń dúpẹ́ tó, ọpẹ́ náà gan-an ló wá ń gún un lára. Bí wọ́n bá pè é ní Ìyá Mínísítà ní ṣọ́ọ̀ṣì, á tẹrí sílẹ̀, wọ́n á ní ẹ wo bó ṣe ń rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀. Yéè! Ìtìjú tí wọ́n tún ń yin èèyàn lé lórí, ẹ má jẹ́ kó ṣe yín rí.

Ọjọ́ ìbí náà dé. Wọ́n fi fóònù ti ara ife omi, Tèmi wà lójú fídíò n'Íbàdàn, ó wọ ẹ̀wù pupa, ìyá rẹ̀ ń kọrin fún un láti Thamesmead. Mummy Jayden dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn, kò wọlé. Ó mọ̀ pé ilẹ̀kùn kan ti ti lọ́jọ́ yẹn, Adùnọlá sì ń jó lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.

Kò pẹ́ sígbà náà ni olórí ìjọba tún àwọn mínísítà rẹ̀ tò. Tilbrook kò rí àyè. Wọ́n yọ ọ́. Ẹ mọ ohun tó kọ́kọ́ ṣe Mummy Jayden? Inú rẹ̀ dùn! Ọkùnrin tó sọ lórúkọ, tó gbàdúrà fún, wọ́n yọ ọ́ nípò, inú rẹ̀ dùn, torí ó ti rí nǹkan sọ nìyẹn. Ó wọlé tọ Adùnọlá, ó fajú ro. "Wọ́n ti yọ ọmọ mi. Ọ̀rọ̀ wa ti wà lórí tábìlì ẹ̀ o, ó kù díẹ̀."

Adùnọlá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ní, "Àmọ́ ó ṣì jẹ́ aṣòfin wa, àbí? Jayden bá mi book rẹ̀. Sátidé yìí ni. Mo fi orúkọ ẹ̀yin náà sí i, Mummy, kó má di pé mo gba ẹ̀yìn yín lọ. Ẹ̀yin lẹ máa mú mi wọlé."

Kí ló fẹ́ sọ? Mummy Jayden ní ó dáa.

Ní Sátidé, tábìlì kékeré kan ni Tilbrook jókòó sí nílé ìkàwé kan ní Woolwich, òun àti ọmọbìnrin tó ń bá a ṣiṣẹ́, Zoe. Irun rẹ̀ ti funfun. Bàtà rẹ̀ tutù. Bọ́ọ̀sì ló tún ń wọ̀. Nígbà tó rí Mummy Jayden, ó dìde fùú. "My driver! Ẹ ò gbàgbé mi." Ó fà wọ́n ní àga fúnra rẹ̀. Mummy Jayden jókòó sí etí àga bí ẹni tó fẹ́ sá.

Adùnọlá fi èdè òyìnbó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Sà, èmi ni ìyá Ayọ̀nitèmi. Ọmọ tí Mummy bá yín sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ ìkórè."

Tilbrook wo Mummy Jayden. Mummy Jayden ń wo ilẹ̀.

"Ayọ̀nitèmi," Tilbrook ní, ó ń wá orúkọ náà nínú orí rẹ̀. "Ẹ dákun, ẹ rán mi létí."

Adùnọlá rán an létí. Ó sọ ti físà tí wọ́n kọ̀, ó sọ ti ẹ̀rí tó ti pé, ó sọ pé ọmọ náà ti pé méjìdínlógún báyìí, ó sì béèrè ibi tí Tilbrook bá ọ̀rọ̀ náà dé kí wọ́n tó yọ ọ́ nípò. Bó ṣe ń sọ ọ́, ojú ọkùnrin náà ń yí padà. Ó kọjú sí Mummy Jayden, kò fi ìbínú bi í: "Lọ́jọ́ ìkórè? Ẹ bá mi sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn?"

Ẹ wò ó, ìgbà kejì tí ọkùnrin yìí máa fún un láyè nìyẹn. Ọ̀rọ̀ kan péré ni. Ó lanu, ohun tó sì jáde ni, "Èrò pọ̀ lọ́jọ́ náà, sà."

Tilbrook fọwọ́ bo ojú. Ó ní, "Èrò pọ̀ lóòótọ́. Á jẹ́ pé èmi ni mo gbàgbé." Ó kọjú sí Adùnọlá. "Madam, ojú tì mí. Ẹni tó bá mi ṣiṣẹ́ kí n tó wọlé, òun ló bá mi sọ̀rọ̀ yín, mo sì gbàgbé. Ẹ dárí jì mí. N ò ní purọ́ fún yín, èmi kọ́ ni mò ń fúnni ní físà, kò sì sóhun tí mo lè fagbára ṣe. Àmọ́ ǹ bá ti sọ fún yín lọ́jọ́ náà gan-an pé ẹ má dúró de ẹnikẹ́ni. Pé ẹ̀rí yín ti pé, ẹ tún un béèrè kí ọmọ tó pé méjìdínlógún. Ọjọ́ tí ẹ bá béèrè ni wọ́n ń wò, ọjọ́ tí wọ́n bá dáhùn kọ́. Zoe yìí, ohun tó máa sọ fún yín nìyẹn bí ẹ bá kàn pè é lórí fóònù."

Adùnọlá ní, "Mo ti fẹ́ béèrè ẹ̀, sà. Mo ti fẹ́..."  Ó fẹ́ sọ pé wọ́n ní kí òun dúró ni. Ó wo Mummy Jayden lẹ́ẹ̀kan, ó sì gbé ọ̀rọ̀ náà mì, kí ojú má baà ti àgbà níwájú òyìnbó.

Tilbrook ní òun á kọ̀wé, òun á gbìyànjú, ṣùgbọ́n kí wọ́n má fi ọkàn sí i jù. Ó sìn wọ́n dé ẹnu ọ̀nà. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ọkùnrin tó ti ṣe mínísítà, tó ti dúró níwájú gbogbo aṣòfin, ó ń tọrọ àforíjì lórí ohun tí kò ṣe, Mummy Jayden sì dúró síbẹ̀, ó jẹ́ kó tọrọ rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n wọ bọ́ọ̀sì, Mùjídì ló ń wà á, ọmọkùnrin tí Mummy Jayden kọ́ níṣẹ́. Ó juwọ́ láti ìdí ọkọ̀: "Ìyá Mínísítà! Ẹ káàsán mà!" Mummy Jayden tẹrí sílẹ̀, ó kọjá. Wọ́n jókòó pọ̀ sí àárín, Adùnọlá lẹ́bàá fèrèsé. Òjò ń rọ̀ wíníwíní. Mummy Jayden ń retí kí Adùnọlá bínú. Bó bá bú òun, òun á gbà á. Bó bá sọ pé, "Ẹ̀yin lẹ ní kí n dúró," òun á gbà á.

Adùnọlá fọwọ́ lé e lọ́wọ́.

"Mummy, ẹ má jẹ́ kó dùn yín báyìí," ó ní. "Ẹ ti ṣe tiyín. Òyìnbó ló gbàgbé. Àwọn ẹni ńlá, ọ̀rọ̀ tó wà lórí wọn pọ̀. Mo rí i bí ojú ṣe ń tì yín níbẹ̀, inú mi ò dùn. Ẹ má bínú tí mo mú yín lọ."

Ẹ gbà mí! Ó ń bẹ̀ ẹ́ ni o. Mummy Jayden fẹ́ fa ọwọ́ rẹ̀ yọ, kò lè fà á. Ilẹ̀ ìbá lanu gbé e mì, á dúpẹ́. Ó lè dákẹ́. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀ láéláé. Tilbrook ti gbà á sọ́rùn, Adùnọlá ti gbà pé bẹ́ẹ̀ ni, fọ́tò á sì máa wà lára ògiri.

Fóònù Adùnọlá dún. Tèmi ni, lójú fídíò. Ó mọ̀ pé òní ni wọ́n lọ rí aṣòfin. Adùnọlá tún ojú rẹ̀ ṣe kó tó gbé e. "Tèmi mi, a ti rí wọn. Wọ́n ní wọ́n á kọ̀wé. Màá ṣàlàyé fún ẹ tí mo bá délé."

"Ṣé Grandma London wà níbẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wọn ní fóònù, mo fẹ́ dúpẹ́."

Kí Mummy Jayden tó sọ pé rárá, fóònù ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ náà ti kúnlẹ̀. Ilẹ̀ kíṣìnnì ìyá ìyá rẹ̀ ni, ẹ̀yìn rẹ̀ ni sítóòfù. Ọmọ tó rẹwà, ojú ìyá rẹ̀ ló gbé. "Ẹ káàsán mà. Ẹ ṣé gan-an tí ẹ bá wa sọ̀rọ̀ fún mínísítà. Mo ń fi yín sínú àdúrà láràárọ̀. Bí kò bá tiẹ̀ bọ́ sí i, mo mọ̀ pé ẹ sọ ọ́ fún wọn."

Mummy Jayden, obìnrin tí ohùn rẹ̀ máa ń dé ilé kejì, ohùn tó jáde lẹ́nu rẹ̀ kò ju ti ọmọ kékeré lọ.

"Dìde nílẹ̀, Tèmi. Dìde, jọ̀ọ́."

"Mà?"

"N ò sọ fún un."

Ọmọ náà rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Ó sún mọ́ fóònù. "Mà? N ò gbọ́ yín."

"N ò sọ fún un. Ọkùnrin yẹn ò gbàgbé nǹkan kan. Òun fúnra ẹ̀ bi mí pé kí ni mo fẹ́, mo ní kò sí. Èmi ni mo ní kí ìyá ẹ dúró. Mo ní mo ti sọ ọ́, irọ́ ni. N ò dárúkọ ẹ fún un rí."

Bọ́ọ̀sì ń kọjá lára ògiri ọgbà ẹ̀wọ̀n Belmarsh. Adùnọlá mú ọwọ́ rẹ̀ kúrò lórí ọwọ́ Mummy Jayden. Kò já a gbà, ó kàn gbé e kúrò ni. Ó gba fóònù. "Tèmi, màá pè ẹ́ padà."  Ó fi fóònù sápò, ó na ọwọ́, ó tẹ aago pé kí ọkọ̀ dúró. Ibi tí wọ́n ń lọ ṣì jìnnà.

"Adùnọlá," Mummy Jayden ní. "Adùnọlá, jọ̀ọ́. Òjò ń rọ̀."

Adùnọlá ti dìde. Ó sọ pé, "Ẹ yẹra mà." Ó fi "ẹ" sí i, ó fi "mà" sí i, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé. Mummy Jayden yẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, Adùnọlá kọjá.

Ọkọ̀ dúró, ilẹ̀kùn ṣí. Lọ́sẹ̀ tí Adùnọlá kọ́kọ́ dé ìlú yìí, Mummy Jayden ló kọ́ ọ pé èèyàn kì í sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ láìkí ẹni tó wà á. Adùnọlá dúró lẹ́nu ọ̀nà, òjò ń fẹ́ sí i, ó kọjú síwájú, ó ní, "Ẹ ṣé o, dírẹ́bà." Lẹ́yìn náà ó sọ̀ kalẹ̀, kò kí ẹlòmíràn.